Awọ Itan Àbẹ̀ní

Ọ̀rọ̀ tí Alhaja Àríkẹ́ sọ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ yẹn, ojú èèyàn mẹ́fà ló ti sọ ọ́, ní pálọ̀ ọmọ rẹ̀, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní awọ Ẹ̀rìn-Ilé kì í gbé ara ọmọ Ọ̀fà. Ó ní bí inú ẹni bá mọ́ sí ọmọ ọlọ́mọ, awọ ẹni yóò lẹ̀ mọ́ ọn lára. Èyí tó bá já bọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó ni ín ló ń fi inú fà á. Àbẹ̀ní wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú fúláàsì ògì tó fẹ́ gbé lọ sí ọsibítù. Itan rẹ̀ ọ̀tún ń ta á bí ẹni tí wọ́n da ata sí lára. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ ló gún un lọ́kàn jù. Kamaldeen ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó jókòó, ó ń wo ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, kò sì la ẹnu.

Ọdún méje ni Àbẹ̀ní ti wà nílé ọkọ. Ọmọ Ìbráhìm àgbẹ̀ ni, láti Ẹ̀rìn-Ilé, ibi tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé láti Ọ̀fà kí oòrùn tó mú. Ìlú méjèèjì ti ń fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́ tipẹ́tipẹ́, kí wọ́n tó bí òun àti ọkọ rẹ̀, nígbà tí Kamaldeen sì ní òun fẹ́ mú un wálé, àwọn èèyàn kùn nílé méjèèjì. Kamaldeen dá wọn lóhùn pé kì í ṣe ilẹ̀ lòun fẹ́ fẹ́, èèyàn ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Àbẹ̀ní débi pé kò sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò sọ ọ́ fún.

Nínú ilé yẹn ló ti bá Safiyat, àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méjìlá nígbà náà. Bí àṣà ilé ọkọ ti rí, kò pè é lórúkọ rí. Eyínfúnjowó ló ń pè é, nítorí eyín rẹ̀ funfun kinniwin. Safiyat náà ń pè é ní Ìyàwó mi. Àbẹ̀ní ló ń dì í nírun. Òun ni ọmọ náà kọ́kọ́ sọ fún nígbà tó rí nǹkan oṣù ẹ̀ẹ̀kíní, òun náà ló bá a bẹ Kamaldeen títí wọ́n fi jẹ́ kó lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Lọ́dún 1994 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Safiyat ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó sì ku oṣù méjì péré kó gba fíríídọ̀ọ̀mù.

Ìgbà náà ni àwọn òṣìṣẹ́ epo daṣẹ́ sílẹ̀, tí kẹrosíìnì di ohun tí wọ́n ń wá bí oògùn. Kamaldeen, tó ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, gbé kẹ́ẹ̀gì kan wálé lọ́jọ́ kan. Ọwọ́ ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tà á létí ojú irin ló ti rà á. Nígbà tí Àbẹ̀ní ṣí ìdérí, òórùn bẹntiróòlù lù ú nímú. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ìfura tiẹ̀ pọ̀ jù, ṣé òun a máa fi ọwọ́ ara òun ra ikú wọlé ni. Àbẹ̀ní kò bá a jiyàn. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà sí kọ̀rọ̀ kíṣìnnì, ó sì kìlọ̀ fún Safiyat pé kó má fọwọ́ kàn án títí òun yóò fi rí ẹni tó mọ epo wò.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé Mulikat ọmọ rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́. Kó tó padà dé, sítóòfù ti gbiná mọ́ Safiyat lọ́wọ́ níbi tó ti fẹ́ se iṣu. Iná jó o ní ọrùn, àyà, ikùn àti apá méjèèjì. Ojú rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ. Kamaldeen ní òun ń sùn lọ́wọ́, pé ariwo ló jí òun. Ọjọ́ pẹ́ tí Àbẹ̀ní fi ń bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí ọmọ tó gbọ́ràn bẹ́ẹ̀ fi lọ fọwọ́ kan ohun tí wọ́n ní kó má kàn. Kò bi Safiyat. Ta ló ń bi ẹni tí iná jó ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀?

Ọsibítù àdáni Dókítà Dúrótìmí, lọ́nà Ìjàgbò, ni wọ́n gbé e lọ. Dókítà náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń wẹ egbò náà, tó ń gé èyí tó ti kú kúrò. Àmọ́ egbò tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ dà bí ilé tí ìjì ti ká òrùlé rẹ̀ lọ: omi ara ń gba ibẹ̀ jáde, àrùn ń gba ibẹ̀ wọlé. Ibà kò fi ọmọ náà sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, ó sì gbẹ dé egungun. Ó yẹ kí wọ́n ha awọ itan òun fúnra rẹ̀ bo egbò náà, ṣùgbọ́n dókítà ní bí wọ́n bá tún dá egbò tuntun sí irú ara tó ti rẹ̀ báyìí, yóò kú. Ó ní kí ẹnì kan nínú ẹbí wá fún un ní awọ.

Alhaja ní kí wọ́n ha tòun. Dókítà kọ̀, nítorí àtọ̀gbẹ tó ń bá ìyá náà jà. Kamaldeen wọ inú yàrá lọ, ó rí ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń ṣe é, ọ̀bẹ gígùn pẹlẹbẹ kan, òógùn bò ó, ó jáde wá, ó ní wọn kò ní fún òun láyè níbi iṣẹ́. Àbẹ̀ní ò dúró kí ẹnikẹ́ni bẹ òun. Ó ní kí wọ́n ha tòun. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò sí àrùn kankan níbẹ̀, irú ẹ̀jẹ̀ kan náà sì ni òun àti Safiyat ní. Inú dókítà dùn. Ó ní ẹ̀jẹ̀ wọn bára mu, nǹkan yóò dára. Gbólóhùn yìí nìkan ni gbogbo ẹbí gbé lọ sílé.

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ sí ọ̀pá ẹ̀yìn, ara rẹ̀ kú láti ìbàdí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kò rí ohun tí wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ìró ọ̀bẹ náà, ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń ha ìpẹ́ lára ẹja. Sísítà Evelyn, nọ́ọ̀sì àgbà tó ń ran dókítà lọ́wọ́, fi awọ náà hàn án. Ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí aṣọ tí wọ́n fi fásílíìnì pa, wọ́n ká a, wọ́n kó o sínú ìgò mẹ́fà tí wọ́n bu omi iyọ̀ sí, wọ́n kọ orúkọ Àbẹ̀ní sára ìgò kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kó wọn sínú fíríìjì, nítorí ibà Safiyat kò jẹ́ kí wọ́n lò ó lọ́jọ́ náà. Nígbàkígbà tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ìgò mẹ́fà yẹn, nínú ọ̀wọ́n epo yẹn náà.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ náà ṣí lára Àbẹ̀ní, ó mọ ohun tí wọ́n mú lára òun. Egbò ẹni tí àdá ṣá lẹ́sẹ̀ ń dùn lójú kan. Tirẹ̀ ń dùn káàkiri, láti ìbàdí dé orúnkún, bí ẹni tí wọ́n bó láàyè. Aṣọ tí wọ́n fi bò ó gbẹ mọ́ ọn lára. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i, yóò payín keke. Bó bá fẹ́ jókòó, ẹ̀gbẹ́ kan ni yóò fi jókòó. Kò ráhùn sí ẹnikẹ́ni létí.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n mú ìgò mẹ́rin jáde, wọ́n lẹ awọ inú wọn mọ́ Safiyat lára. Nígbà tí wọ́n ṣí i wò lọ́jọ́ karùn-ún, ó ti lẹ̀. Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó tutù, kò rùn. Ibà lọ. Safiyat jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní mọ́ínmọ́ín ń wu òun jẹ. Alhaja bú sẹ́kún, ó na ọwọ́ sókè, ó ń ṣàdúrà fún Àbẹ̀ní lójú gbogbo wọ́ọ̀dù. Ó ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá wá kí i pé ìyàwó òun ti di ọmọ òun, pé awọ kan náà ló ń bẹ lára àwọn ọmọ òun méjèèjì báyìí. Kamaldeen ra bàtà tuntun fún un. Àbẹ̀ní kò tíì lè rìn dáadáa, ṣùgbọ́n ó wọ bàtà náà.

Ọjọ́ kejìlá ni etí awọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó dúdú. Ó léròrò, omi ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ó ti ń tẹ̀lé báńdéèjì bọ́ sílẹ̀, bí wọ́n bá sì bi dókítà, yóò ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn, kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ó mú ìgò méjì tó kù nínú fíríìjì, ó lẹ tiwọn náà mọ́ ọn. Èyí kò tilẹ̀ pọ́n rárá. Funfun ló wà bí aṣọ òkú, ọjọ́ kẹrin, ó bọ́ lọ lódindi.

Ibẹ̀ ni Alhaja ti rí ọ̀rọ̀ sọ. Àkọ́kọ́ lo ọjọ́ méjìlá, èkejì lo ọjọ́ mẹ́rin. Ó ní ṣé wọn ò rí i bí ìkà náà ti ń gbóná sí i ni? Nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn fi máa dé ẹnu ọ̀nà kẹta ní àdúgbò, àwọn èèyàn ti bá a parí rẹ̀: wọ́n ní àjẹ́ ni.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ tí a ń wí yìí, Alhaja gba fúláàsì ògì lọ́wọ́ Àbẹ̀ní, ó ní láti òní lọ, òun ni yóò máa se ohun tí ọmọ òun yóò jẹ. Àbẹ̀ní wọ yàrá. Kamaldeen tẹ̀lé e wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò, ó ní kó má bínú, ó ṣá mọ ìyá òun. Àbẹ̀ní ní òun mọ ìyá rẹ̀.

“Ẹ̀yin ńkọ́?” ó bi í. “Kí lẹ̀yin rò?”

Kamaldeen ra ọwọ́ pọ̀. “Mi ò mọ ohun tí mo lè rò, Ìyá Mulikat. Ẹ̀ẹ̀mejì ló já.”

Ó wà lẹ́nu Àbẹ̀ní láti bi í pé epo ta ni ó jó ọmọ náà ná. Ó gbé e mì. Ó ti ń gbé e mì láti ọjọ́ tí iná náà ti jó, nítorí kò fẹ́ kí Alhaja máa wo ọmọ tó bí bí ẹni tó fi iná jó àbúrò rẹ̀.

Àárọ̀ Jímọ̀, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọsibítù, nítorí kò tíì lè ya ẹsẹ̀ gun ọ̀kadà. Sísítà Evelyn ló ń wẹ itan rẹ̀ fún un. Àbẹ̀ní bi í bóyá lóòótọ́ ni pé inú tí kò mọ́ lè mú kí awọ já bọ́ lára ẹni tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Evelyn dá ọwọ́ dúró. “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?”

“Ìyá ọkọ mi. Gbogbo àdúgbò ló ti gbọ́.”

Evelyn wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Ó ní, “Awọ ẹlòmíì kì í pẹ́ lára èèyàn. Àfi ti ìbejì tó jọra délẹ̀délẹ̀. Tìrẹ ò lè yàtọ̀. Lọ́jọ́ tí a ha á la ti mọ̀ pé yóò já.”

Àbẹ̀ní ò jẹ́ kó di itan náà tán. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, báńdéèjì ń wọ́ tẹ̀lé e nílẹ̀, ó sì wọ ọ́fíìsì dókítà láì kànkùn. Dókítà Dúrótìmí ń kọ̀wé lọ́wọ́. Ó ní kó jókòó. Àbẹ̀ní dúró. Ó bi í bóyá ó mọ̀ pé awọ náà yóò já.

Dókítà fi bírò sílẹ̀, ó ní òun mọ̀. Ó ní wọn kò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọmọ náà lára kó lè dúró síbẹ̀ láéláé. Tàpólì ni, tí wọ́n ta bo ilé kí òjò má pa á títí wọn yóò fi rí páànù kàn. Ọjọ́ méjìlá tó fi wà níbẹ̀, ibà lọ, oúnjẹ wọlé, ara ọmọ náà mókun. Ó ní láìsí i, sàréè ni wọn ì bá máa bẹ̀ wò.

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Bí mo bá sọ fún yín pé yóò já bọ́, ṣé ẹ máa gbà kí n ha á?”

“Màá gbà,” Àbẹ̀ní wí. “Ẹ ò bi mí léèrè ni.”

Dókítà ní òun ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó gbọ́ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n sì sá lọ. Àbẹ̀ní ní òun kọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó ní awọ òun ló mú, ó mú un tán ó tún gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ pamọ́ fún òun, ìyẹn ló sì sọ òun di àjẹ́ nínú ilé tí òun ti bímọ. Ó ní kó dìde kó wá sọ ọ́ fún wọn. Dókítà wo aago, ó ní iṣẹ́ abẹ méjì ń dúró de òun, pé òun yóò kọ lẹ́tà. Àbẹ̀ní ní Alhaja ò mọ̀wé kà, àti pé èèyàn ò lè bi lẹ́tà ní ìbéèrè.

Ó lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tíátà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún nà síwájú. Àwọn nọ́ọ̀sì ń fo ẹsẹ̀ náà kọjá. Ẹnì kan ní kó dìde, ó wo onítọ̀hún, onítọ̀hún bá tirẹ̀ lọ. Dókítà jáde lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́, ó bá a níbẹ̀. Ó jáde lẹ́yìn èkejì, ó tún bá a níbẹ̀. Ní aago mẹ́rin, nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó wá kí aláìsàn, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ní ó dáa, kí àwọn máa lọ.

Alhaja àti Kamaldeen wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Safiyat. Dókítà kí wọn, ó sì là á fún wọn bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní ṣíṣírò. Ó ní ara èèyàn ní ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ọ. Awọ ẹlòmíràn tó bá wọlé, àlejò ni. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ọlọ́dẹ kò mọ̀ ọ́n, ó tó ọjọ́ mélòó kan kó tó rí i pé kì í ṣe ara ilé, lẹ́yìn náà ni yóò wá lé e jáde. Tí àlejò kan náà bá tún padà wá, kò sí pé à ń wádìí mọ́. Ẹnu géètì ni wọn yóò ti dá a padà. Ó ní ìdí nìyẹn tí èkejì fi yá ju àkọ́kọ́ lọ. Ara Safiyat ló kọ awọ náà, kì í ṣe awọ náà ló kọ Safiyat.

Alhaja gbọ́ ọ tán. Ó ní, “Ìyàwó ni àlejò, mo gbà. Bó bá jẹ́ tèmi tí mo bí i ńkọ́?”

“Tiyín náà á já, Alhaja.”

“Èmi tí mo lóyún rẹ̀?”

“Tiyín náà. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà á já.”

Ọ̀rọ̀ yìí bí ìyá náà nínú ju gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lọ. Ó tún gèlè ṣe. Ó ní ó dáa, kí àwọn fi ti awọ sílẹ̀. Epo tó jó ọmọ òun ńkọ́, kíṣìnnì ta ló wà? Ṣé dókítà ló gbé kẹ́ẹ̀gì síbẹ̀ ni? Ìyàwó tí òun gbọ́ pé ó ti mọ̀ pé epo kò dára, tó sì gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọ yóò tó o, kí ni kí àwọn pe ìyẹn?

Àbẹ̀ní yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ó dúró dè é. Ó fún un láyè tó pọ̀ tó láti sọ gbólóhùn mẹ́ta, ẹyọ kan péré ni ì bá sì sọ. Kamaldeen ń fi ìka wọ́ etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì.

Safiyat ló sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kéré, nítorí egbò ọrùn rẹ̀ ń fà á.

“Bọ̀ọ̀dá ló ra epo náà, Ìyá. Ìyàwó mi ní kí n má fọwọ́ kàn án. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n ní ebi ń pa àwọn, kí n rọ ọ́ sí sítóòfù kíá.”

Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méje tí Àbẹ̀ní ti ń dáàbò bo ọkùnrin yìí, epo tó rà nìkan ni ó mọ̀. Kò mọ̀ pé Kamaldeen kò sùn. Kò mọ̀ pé ọkọ òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ rán ọmọ náà. Ó rò ó pé nígbà tí Alhaja ń sọ̀rọ̀ awọ Ẹ̀rìn-Ilé ní pálọ̀, Kamaldeen mọ̀. Nígbà tó ní ẹ̀ẹ̀mejì ló já, ó mọ̀.

“Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí wọ́n pè mí ní àjẹ́,” ó sọ fún ọkọ rẹ̀, “nítorí àwo iṣu kan.”

Ó fọwọ́ kan Safiyat lórí, ibi tí iná kò dé, ó ní kó máa jẹun dáadáa. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ dókítà bí ẹni tí kò rí i. Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ó di ẹrù tirẹ̀ àti ti Mulikat, ó fi bàtà tuntun sílẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì lọ sí Ẹ̀rìn-Ilé.

Ìbráhìm bàbá rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní kó lọ wẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, Kamaldeen rán àgbà méjì wá bẹ̀bẹ̀. Ìbráhìm fún wọn lómi mu, ó bi wọ́n bóyá àwọn ni wọ́n ra kẹrosíìnì. Wọ́n ní rárá. Ó ní nígbà náà, òun ò mọ ohun tí òun lè bá wọn sọ. Lọ́sẹ̀ kẹrin, Kamaldeen fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. Ìbráhìm ní kó dìde, pé kì í ṣe ibí ni wọ́n ti ba orúkọ ọmọ òun jẹ́. Ó ní kó lọ sọ ọ́ ní pálọ̀ tí wọ́n ti sọ èkíní, lójú àwọn tó gbọ́ èkíní.

Kamaldeen sọ ọ́. Ọjọ́ Àìkú kan ni, èèyàn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé, Àbẹ̀ní dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó. Ohùn ọkọ rẹ̀ ń já láàárín gbólóhùn, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ tán: ẹni tó ra epo, ẹni tó kìlọ̀, ẹni tó ní kí wọ́n rọ ọ́, ẹni tó parọ́ pé òun ń sùn. Alhaja dìde lójijì kó tó parí, ó ní òun fẹ́ lọ kírun. Títí di òní, kò tọrọ àforíjì. Ó ń kí Àbẹ̀ní, Àbẹ̀ní ń dá a lóhùn.

Safiyat kò kú. Ara rẹ̀ mókun, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé, dókítà ha awọ itan Safiyat fúnra rẹ̀, ó lu ú ní ihò wínníwínní kó lè fẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́, èyí sì dúró. Ó padà wálé lóṣù kọkànlá. Àyà rẹ̀ dà bí apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n hun, ìgúnpá òsì rẹ̀ kò sì nà tán mọ́, ṣùgbọ́n ó ń fi ọ̀tún yí máṣíìnì. Nítorí tirẹ̀ àti nítorí Mulikat ni Àbẹ̀ní fi padà sílé ọkọ. Ìbínú rẹ̀ bá a padà. Yàrá ọ̀tọ̀ ló ń sùn, bí Kamaldeen bá sì fẹ́ bá a ṣàwàdà, yóò wò ó títí àwàdà náà yóò fi tán lẹ́nu rẹ̀.

Lóṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e, Sísítà Evelyn wá bá a nílé. Ó ní obìnrin kan láti Ìjàgbò wà lọ́wọ́ àwọn, iná ló jó òun náà. Ọkọ rẹ̀, Jacob, nìkan ló lè fún un ní awọ. Dókítà ti sọ òótọ́ fún un pé yóò já, ọkùnrin náà sì ti kọ̀. Dókítà ní bóyá Àbẹ̀ní lè bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀.

Àbẹ̀ní ní òun kì í ṣe ẹrú dókítà. Ó ń gún ata lọ́wọ́, ó gún un títí ó fi kúnná kọjá bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà, ó bi Evelyn bóyá obìnrin náà lè jẹun. Evelyn ní kò lè jẹ nǹkan kan. Àbẹ̀ní fọ ọwọ́.

Jacob jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta wọ́ọ̀dù, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tí ojú rẹ̀ ti pọ́n. Àbẹ̀ní jókòó tì í. Kò kí i lọ títí.

“Yóò já,” ó sọ fún un. “Lẹ́yìn bí ọjọ́ méjìlá, yóò dúdú, yóò bọ́. Ibi tí wọ́n bá ti ha á lára yín yóò máa dùn yín bí ẹni tí wọ́n bó. Àwọn èèyàn yóò máa wo ojú yín nígbà tó bá já, wọn yóò máa bi ara wọn léèrè ohun tí ẹ fi ṣe é. Kò sí ohun tí ẹ fi ṣe é. Láàárín ọjọ́ méjìlá yẹn, yóò jẹun.”

Jacob bi Àbẹ̀ní bóyá yóò tún gbà kí wọ́n ha tirẹ̀.

“Bí wọ́n bá kọ́kọ́ bi mí,” Àbẹ̀ní wí.

Ọkùnrin náà dìde, ó bi Evelyn níbi tí òun yóò ti fọwọ́ sí ìwé. Dókítà Dúrótìmí yọjú láti ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń bọ̀ wá dúpẹ́, ó ti na ọwọ́. Àbẹ̀ní ní kó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ ha awọ lára rẹ̀, ó sì bọ́ sí títì, ó na ọwọ́ dá ọ̀kadà dúró.